Nígbà Tí Àṣẹ Bá Di Ẹ̀rù: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọ́tísíìmù àti Ọmọ Títọ́ ní Ọ̀tà

Ìwé tí ìgbìmọ̀ ètò kọ sí mi sọ pé àwọn ń fẹ́ ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ lórí ọmọ tó ní ọ́tísíìmù tí kì í gba àṣẹ, tí yóò sì sọ ọ́ bí ẹni tó ti inú rẹ̀ dàgbà, tó tún ń tọ́ irú rẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ ọ́ dùn mọ́ mi: "Inú wa yóò dùn bí ẹ bá lè ráyè." Ká ní wọ́n kọ ọ́ pé "Ẹ gbọ́dọ̀ wá" ni, bóyá ẹlòmíràn ni ì bá dúró níwájú yín lónìí. Ẹ̀fẹ̀ kọ́ ni mo ń ṣe o. Ohun tí mo wá sọ gan-an nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n la kókó rẹ̀ sílẹ̀ kí n tó máa rìn káàkiri. Ọmọ tó ní "mi ò ṣe", kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń rí àgbà fín. Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹ̀rù ló ń bà á, àṣẹ tí a pa fún un gan-an ló sì dẹ́rù bà á. Bí a bá ti mọ èyí, a ò nílò láti lọ yá ọgbọ́n lókè òkun kí a tó mọ bí a ṣe máa bá a sọ̀rọ̀. Ọgbọ́n náà ti wà lẹ́nu wa tipẹ́. Ẹ̀yìn àṣẹ la fi í pa mọ́ sí.

Ohun tí à ń sọ

Ọ́tísíìmù kì í ṣe àìsàn tó ń ran ènìyàn, kì í sì í ṣe ẹ̀san. Bí Ọlọ́run ṣe to ọpọlọ ẹlòmíràn láti inú oyún ni: bó ṣe ń gbọ́ ariwo, bó ṣe ń ka ojú ènìyàn, bó ṣe ń di ohun tó fẹ́ràn mú tí kò ní jọ̀wọ́ rẹ̀. Ní 1943, Leo Kanner, dókítà ní Baltimore ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí ọmọ 11 tó rí bẹ́ẹ̀. Ní 1944, Hans Asperger kọ tirẹ̀ ní Vienna. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni, kó mọ̀ pé láti 1976 ni ìròyìn ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin tó ní ọ́tísíìmù ti jáde nínú ìwé ìmọ̀ àwọn oníṣègùn ọpọlọ. Ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé fún 2021 ni pé nǹkan bí ẹnì kan nínú ènìyàn 127 ló ní in. Ètò ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn 526,565 ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà. Ẹ bá mi pín in. Yóò lé ní 4,000, kí a tó fi ti àwọn tó ti rọ́ wọ Sángó, Ìjókò àti Atan láti ìgbà náà kún un. Àwọn ènìyàn yìí kò sá pamọ́ sínú igbó. Wọ́n wà nínú kíláàsì, wọ́n wà nídìí ẹ̀rọ, àwọn kan sì wà nínú yàrá tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ wọn.

Nínú wọn la ti rí àwọn tí àṣẹ kì í bá lára mu. Elizabeth Newson, onímọ̀ nípa ìdàgbàsókè ọmọdé ní Yunifásítì Nottingham, ló ṣàpèjúwe wọn ní àwọn ọdún 1980, ó sì pe ìṣe wọn ní PDA (Pathological Demand Avoidance), ìyẹn sísá fún ohunkóhun tí wọ́n bá béèrè lọ́wọ́ ẹni. Ìwé tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ lórí rẹ̀ jáde ní 2003. Àwọn ọmọ yìí lè dá yín lẹ́rìn-ín, wọ́n lè fi ọ̀rọ̀ dídùn yẹ iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n lè ní àwọn kì í ṣe ara àwọn lónìí. Ṣùgbọ́n ohun tí ojúmọ́ kọ̀ọ̀kan ń béèrè, ìwẹ̀ wíwẹ̀, aṣọ wíwọ̀, oúnjẹ jíjẹ, ènìyàn kíkí, òun gan-an ni wọ́n ń sá fún.

N kò ní tàn yín: awuyewuye wà lórí rẹ̀. Kò dá dúró bí àìsàn kan nínú DSM-5, ìwé àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà tó jáde ní 2013, kò sì sí nínú ICD-11, ìwé Àjọ Ìlera Àgbáyé tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022. Àwọn kan ní ìpayà tó máa ń bá ọ́tísíìmù rìn ni, kò yẹ kó gba orúkọ tirẹ̀. Damian Milton, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí òun náà ní ọ́tísíìmù, kọ̀wé ní 2013 láti fi bi wá pé, ṣé ẹni tí kò fẹ́ ṣe bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe ni a ó máa pè ní aláìsàn? Nítorí náà, bí dókítà kò bá kọ PDA sínú fáìlì ọmọ yín, ẹ má bá a jà. Ọ́tísíìmù ni yóò kọ. Ṣùgbọ́n òbí tó bá ti ka àpèjúwe Newson yóò mọ orúkọ ohun tó ti ń bá a fínra nínú ilé.

Ìgbà èwe

Ìyá mi ń ta ata ní ọjà Sángó. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ṣíìfù ní iléeṣẹ́ kan lójú ọ̀nà Ìdírókò. Ilé ẹ̀kọ́ ni ilé wa, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀ sì ni ìkíni.

Ẹ wo ọjọ́ kan. Bàbá àgbà kan nínú ẹbí wa wọlé ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Mo fẹ́ràn bàbá yìí. Òun ló máa ń ra gúgúrú wá fún mi, mo sì ti ń yọjú wo ojú ọ̀nà láti àárọ̀ nítorí rẹ̀. Bó ṣe jókòó ni wọ́n ní, "Ó yá, kúnlẹ̀, kí bàbá." Gbogbo ojú yí sí mi. Orúnkún mi bá gan. Àyà mi ń lù kìkìkì, etí mi ń hó, gbogbo ara mi rí bíi ti ẹni tó wà láàárín títì tí tírélà tí bíréèkì rẹ̀ já ń bọ̀ wá bá. Mo ní eèrà ta mí lórúnkún. Wọ́n wò ó, wọn ò rí eèrà. Mo ní ológbò ni mí, ológbò kì í kúnlẹ̀. Ìgbátí ló dá mi lóhùn. Nígbà tó pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ mìíràn, mo yọ́ kẹ́lẹ́ lọ sẹ́yìn àga bàbá, mo kúnlẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti rí mi, mo sì kí i, "Ẹ káàsán, bàbá," lóhùn tí òun nìkan lè gbọ́.

Ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀. Ìfẹ́ wà, ọ̀wọ̀ wà, ìkúnlẹ̀ pàápàá wà. Àṣẹ nìkan ni kò jẹ́ kó ṣeé ṣe lójú gbogbo ènìyàn. Kò sì mọ sórí àṣẹ ẹlòmíràn nìkan. Ebi á máa pa mí, oúnjẹ tí mo fẹ́ràn á wà níwájú mi, mi ò ní lè jẹ ẹ́, nítorí ebi náà ti di ọ̀gá tó ní kí n wá jẹun. Bí mo bá fi ẹnu ara mi sọ pé lọ́la ni n óò ran aṣọ bèbí mi, ọ̀la á dé, n óò sì máa sá fún abẹ́rẹ́. Ẹni tí kò bá mọ ìyẹn ni yóò rò pé ọ̀rọ̀ ìgbéraga ni.

Orúkọ tí wọ́n pè mí pọ̀. Olórí kunkun. Ọ̀yájú. Aládùúgbò kan ní emèrè ni mí, kí wọ́n tètè wá nǹkan ṣe. Ọ̀tà kì í sì í ṣe ìlú tí wọ́n ti ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré. Ẹni tó bá mọ ìtàn Ìyàmi, àwọn àjẹ́, mọ ipò ìlú yìí nínú rẹ̀. Wọ́n gbé mi lọ sí ilé àdúrà, wọ́n gbààwẹ̀ fún mi, wọ́n fi omi wẹ̀ mí lóru. Mo tún ní àṣẹ tuntun láti sá fún: wọ́n ní kí n gba ìwòsàn.

Ìyá mi ni kò bá wọn pariwo. Obìnrin tó ń tajà mọ̀ pé oníbàárà ò ṣeé pàṣẹ fún. Kò sí aláta tó ń sọ fún ènìyàn pé "rà á". Yóò ní, "Ata yìí ò ní pẹ́ tán o," yóò sì máa to ọjà rẹ̀ lọ. Bó ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ ló ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀. Bó bá ń fẹ́ omi, yóò dúró sẹ́nu ọ̀nà, yóò máa dá sọ̀rọ̀: "Omi inú kẹ́ẹ̀gì yìí, mi ò mọ̀ bóyá ó máa gbé wa di alẹ́." Kò ní wo ojú mi. Kò ní dúró wo ohun tí n óò ṣe. Kó tó padà jáde, mo ti gbé korobá, mo ti dé ìdí kànga. Kò ka ìwé Newson, ọmọ rẹ̀ ló kà.

Ariwo Ọ̀tà

Ìlú tí a wà yìí tún ní ohun tirẹ̀ tó ń dá kún un. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní ọ́tísíìmù ni etí wọn kì í sé ariwo mọ́ta, tí imú wọn kì í dákẹ́. Láti ilé dé iléèwé ní Sángó, ẹ ka ohun tí ọmọ ń bá pàdé: fèrè tírélà, agbérò tó ń pe èrò, jẹnẹrétọ̀ níwájú ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan, òórùn rọ́bà àti kẹ́míkà láti iléeṣẹ́, gbohùngbohùn láti ilé ìjọsìn, eruku, sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ. Kó tó dé géètì iléèwé, agbára tó fi ń fara da nǹkan ti tán lára rẹ̀. Olùkọ́ wá ní, "Ki ṣẹ́ẹ̀tì rẹ bọ ṣòkòtò." Ọmọ bú sẹ́kún, ó dùbúlẹ̀ sílẹ̀. Olùkọ́ rò pé nítorí ṣẹ́ẹ̀tì ni. Ṣẹ́ẹ̀tì kàn jẹ́ èyí tó kẹ́yìn ni.

Àwọn iléeṣẹ́ pẹ̀lú ń fi àṣẹ rìn. Kò sì lè ṣe kó máà rí bẹ́ẹ̀: ẹ̀rọ ò mọ àbá. Fèrè á dún, géètì á ṣí, káàdì á wọlé, ṣíìfù á bẹ̀rẹ̀. Mo ṣiṣẹ́ rí nínú yàrá àyẹ̀wò iléeṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Iṣẹ́ yẹn gan-an dùn mọ́ mi. Kò sí ẹni tó mọ àṣìṣe inú òṣùwọ̀n tó mi níbẹ̀. Fèrè àárọ̀ ni kò jẹ́ kí n pẹ́. Lónìí, mò ń bá àwọn kọ̀ǹpánì kéékèèké ṣe ìṣirò owó láti ilé. Àwọn oníbàárà mi ti mọ èdè mi. Wọn kì í sọ pé "Ẹ parí rẹ̀ kíá." Wọ́n á ní, "Ọjọ́ 21 ni owó-orí VAT o," wọ́n á sì gbé fóònù sílẹ̀. Ìròyìn ni wọ́n fún mi. Èmi ni mo pinnu. Iṣẹ́ wọn kì í pẹ́.

Ilé tí òfin kan ò lè kárí

Nígbà tí mo gbé àkọ́bí mi lọ sọ́dọ̀ dókítà, bí ó ṣe ń bi mí ní ìbéèrè nípa ọmọ ni mo ń rí ara mi nínú ìdáhùn. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Àbúrò rẹ̀ tún dé, ó sì gbé tirẹ̀ wá.

Ẹ̀gbọ́n fẹ́ kí ohun gbogbo wà bákan náà. Abọ́ kan náà, ojú ọ̀nà kan náà, aṣọ ilé lẹ́yìn iléèwé, lójoojúmọ́. Bí awakọ̀ bá gba ibòmíràn nítorí gó-ìsìlóò, ọjọ́ náà ti bàjẹ́. Òfin ni ìfọ̀kànbalẹ̀ rẹ̀. Àbúrò ni tèmi gẹ́lẹ́: bí òfin bá ti wà, ó ti wá ọ̀nà tí yóò gbà sá níbẹ̀. Ẹ fi àwọn méjèèjì sínú yàrá kan ní aago mẹ́fà àárọ̀, kí ẹ wá fi ìyá tí òun fúnra rẹ̀ kì í fẹ́ kí wọ́n rán òun níṣẹ́ sí i. Ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú ba oorun. Nílé tiwa, ìyá náà wà lára àwọn tí kò fẹ́ kí ẹlòmíràn sùn.

Ohun tó ń gbà wá ni pátákó kan lára ògiri. Mo kọ ètò àárọ̀ síbẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n, nítorí òun ló fẹ́ ẹ. Mi ò kọ orúkọ àbúrò síbẹ̀ rárá. Àbúrò á wá dúró níwájú pátákó, á ka ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sókè bíi oníròyìn rédíò, á ní, "Gẹ́gẹ́ bí a ṣe gbọ́, wọ́n ń wẹ̀ lónìí." Lẹ́yìn náà, á wọ balùwẹ̀ lọ, kó lè mú ìròyìn wá láti ibẹ̀. Ọmọ tí kò lè wẹ̀ bí ara rẹ̀, ó lè wẹ̀ bí oníròyìn. Ọgbọ́n ológbò ọjọ́sí náà ni.

Ìyìn pàápàá gba ìṣọ́ra. Oríkì ni mo fi ń jí ẹ̀gbọ́n, orí rẹ̀ á sì wú. Nígbà tí mo fẹnu kan yin àwòrán tí àbúrò yà pé ó dára púpọ̀, ó gbé bírò jù sílẹ̀, kò yàwòrán fún ìgbà pípẹ́. Ìyìn mi ti di àṣẹ pé kó tún ya òmíràn tó dára tó bẹ́ẹ̀. Báyìí, bó bá yàwòrán, mo máa ń fi sí ara ògiri láìsọ nǹkan kan.

Àṣẹ mẹ́ta péré ló kù nílé mi: títì, iná, oògùn. Lórí ọ̀nà Ìdírókò, bí mo bá ní "Dúró!", àbúrò á dúró, nítorí kì í gbọ́ ohùn yẹn lẹ́nu mi lórí bàtà, lórí ìkíni, lórí oúnjẹ. Ẹni tó bá ń pariwo lórí ohun gbogbo, kí ni yóò fi kìlọ̀ lọ́jọ́ tí tírélà bá ń bọ̀? Ìgbà tí ẹ̀bẹ̀ àwọn ọmọ bá sì pọ̀ jù fún èmi fúnra mi, "Mọ́mì, ẹ wá, Mọ́mì, ẹ fún mi," bàbá wọn á gba iwájú, èmi á bọ́ sẹ́yìnkùlé. A ti jọ fohùn ṣọ̀kan lórí èyí. Kò sí ẹni tó ń bi ẹnì kejì léèrè.

Àbá, àṣẹ àti ẹ̀kọ́ ilé

Mo gbọ́ ohun tí àwọn àgbà ń sọ lọ́kàn wọn: "Èyí á ba ọmọ jẹ́. Ilé ayé ò ní fi àbá bá a lò." Ọ̀rọ̀ gidi ni, ó sì yẹ kó rí èsì.

Lákọ̀ọ́kọ́, ìwà ni ẹ̀kọ́ ilé Yorùbá ń wá. Ìgbọràn kàn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ojú ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ ni. Àwọn baba wa ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Àṣẹ kì í fi ààbọ̀ kankan sílẹ̀ fún olùgbọ́ láti parí. Òwe ń fi sílẹ̀, àlọ́ ń fi sílẹ̀, àṣamọ̀ ń fi sílẹ̀. Kí ló dé tí a fi ń fi ààbọ̀ ọ̀rọ̀ pọ́n àgbàlagbà lé, tó wá jẹ́ pé ọmọ tí àyà rẹ̀ ń já la fi odindi rẹ̀ lù?

Ẹ̀kejì, ọmọ tí a kọ́ pé kó máa ṣe ohunkóhun tí àgbà bá ti ní kó ṣe, báwo ni yóò ṣe kọ̀ fún àgbà tó ní èrò burúkú lọ́kàn? "Mi ò ṣe" lè gba ọmọ là lọ́jọ́ kan. Mi ò fẹ́ kó kú lẹ́nu ọmọ mi.

Mi ò ní gbogbo ọmọ tó bá ní "mi ò ṣe" ló rí bẹ́ẹ̀ o. Ọmọdé á dán àgbà wò. Ó wà nínú ìdàgbàsókè. Ẹ wo ohun mẹ́ta. Ṣé ó ń sá fún ohun tó fẹ́ràn pẹ̀lú? Ṣé ẹ̀bùn àti ìyà, kò sí èyí tó ń ṣiṣẹ́? Bí ẹ bá dín àṣẹ kù, ṣé ó ń dá nǹkan ṣe fúnra rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pàṣán á kàn sọ ẹ̀rù di méjì ni.

Ọjọ́ orí náà ń pa àṣẹ. Iléèwé ní ọmọ ọdún méje gbọ́dọ̀ máa kàwé. Jason Arday, ọmọ àwọn òbí tó ti Gánà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ní ọ́tísíìmù. Kò sọ̀rọ̀ títí ó fi pé ọmọ ọdún 11, kò mọ̀ ọ́n kọ, kò mọ̀ ọ́n kà títí di ọdún 18. Ní 2023, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Cambridge. Gbogbo ọmọ kọ́ ni yóò di ọ̀jọ̀gbọ́n, kò sì pọn dandan. Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n ti pa fáìlì rẹ̀ dé nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá ńkọ́?

Ohun tó kù sọ́wọ́ wa

Ìpínlẹ̀ Ògùn yìí kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ ọpọlọ. Ní Abẹ́òkúta ni ilé ìwòsàn Arò wà, tó ṣílẹ̀kùn ní 1954 lábẹ́ Thomas Adéoyè Lambo. Lambo kò gé aláìsàn kúrò lára ẹbí rẹ̀. Inú àwọn abúlé tó yí Arò ká ló fi wọ́n sí, tí ìbátan wọn ń gbé tì wọ́n, tí wọ́n ń ti ibẹ̀ lọ gba ìtọ́jú. Ó mọ̀ pé ohun tó yí ènìyàn ká wà lára ìwòsàn rẹ̀. Nítorí náà, ẹ gbé ọmọ yín lọ fún àyẹ̀wò nílé ìwòsàn kí ẹ tó gbé e lọ sí ilé àdúrà. Bí ẹ bá sì ń gbàdúrà, ẹ gbà á nílé, kó sùn dáadáa lóru.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ gba ọmọ tí kò lè kí yín níwájú kíláàsì láàyè láti kí yín lẹ́nu ọ̀nà, tàbí kó juwọ́. Ẹ fún un ní iṣẹ́ méjì kó mú ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí igun kan wà tí ariwo ò dé, tí yóò lè lọ láìtọrọ àyè.

Ẹ̀yin ọ̀gá iléeṣẹ́, òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara léèwọ̀, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, ka ti ọpọlọ mọ́ ọn. Kọ̀ǹpánì tó bá rú u, mílíọ̀nù kan náírà ni ìtanràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtanràn kọ́ ni mo fi ń bẹ̀ yín. Ẹni tó lè rí àṣìṣe inú òṣùwọ̀n tí gbogbo ènìyàn fò dá ti wà nídìí géètì yín, fèrè ló ń lé e padà. Ẹ jẹ́ kó wọlé lẹ́yìn fèrè. Ẹ kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún un, kí ẹ má dúró tì í lórí.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá délé lónìí, ẹ ka iye ìgbà tí ẹ ó sọ pé "ṣe èyí, ṣe tọ̀hún" kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ yan mẹ́ta tí ẹ̀mí rọ̀ mọ́, kí ẹ di ìwọ̀nyẹn mú ṣinṣin. Ẹ sọ ìyókù di ọ̀rọ̀ lásán, kí ẹ sì kúrò níbẹ̀ kí ọmọ lè ríbi gbé e. Ìgbà mìíràn wà tí kò ní gbé e. Ilẹ̀ á ṣú, abọ́ á wà láìfọ̀, kò sí ẹni tó máa kú. Ọmọ tó bá rí i pé ilé òun ò fi ẹ̀rù lé òun, ilé náà ni yóò máa sá wá nígbà tí ìta bá le.